Ajá Mọ́kànlélógójì Tó Rílé

Páìpù omi tó bẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá lẹ́yìn ilé ààbò ẹranko láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òkú ajá ni wọ́n bá pàdé. Àpò dúdú kan yọ, ẹni tó di ṣọ́bìrì mú tú u, ó rí irun. Wọ́n tún walẹ̀ díẹ̀, òmíràn yọ. Kó tó di ọ̀sán, àpò mọ́kànlélógójì ti wà lórí koríko. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kan wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò lè jẹ oúnjẹ tó gbé wá láti ilé.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá kì í ṣe aláriwo. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Kílófàá, torí pé ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ló máa ń bi èèyàn títí yóò fi sú onítọ̀hún. Lọ́jọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn dúró ti àwọn àpò yẹn, inú ń bí i, ó ń wo ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sí gàdàgbà: A KÌ Í PA AJÁ NÍBÍ, ILÉ LA Ń WÁ FÚN WỌN. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí gbogbo ìlú ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Dókítà ẹranko ilé náà dé. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá lọ pè é. Ó yẹ òkú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kò sí àìsàn, kò sí ìyà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹranko tí kò lè sàn mọ́ sùn lọ ni wọ́n gún gbogbo wọn. Nígbà tó kan àpò kẹrìndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Irin wà nínú ẹsẹ̀ yìí," ó ní. "Èmi ni mo fi sí i. Ajá Ìyá Olùkọ́ ni."

Ìyá Olùkọ́ fúnra wọn ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó padà débẹ̀, torí ìròyìn kì í dúró gbọ́ àṣẹ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn ò bímọ, ọkọ wọn ti kú. Ajá kan ni wọ́n ní, Dúródèmí lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkàn wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ajá náà sí ilé ààbò, wọ́n sì gba ìwé pé àwọn máa padà wá mú un. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n délé, wọ́n kọ̀wé béèrè ajá wọn, èsì tó dé ni wọ́n gbé lé tábìlì yìí: Màmá wa ọ̀wọ́n, ẹ ti dàgbà, ẹ sì ń dá gbé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ajá yín rí ilé tó dára ju tiyín lọ. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu láti wá a.

"Wọn ò sọ ibi tó wà fún mi," Ìyá Olùkọ́ ní. "Mo tún lọ sí géètì wọn, wọ́n ní àṣírí ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣé Dúródèmí wà nínú àwọn àpò yẹn?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ fa lẹ́tà náà sọ́dọ̀. Ó mọ ìdáhùn, kò sì fẹ́ dá ìyá arúgbó lóhùn láìmọ ẹni tó ṣe é, torí pé ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e nìyẹn. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ò ní purọ́ fún wọn.

"Àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn náà kò ní àwọn fẹ́ purọ́ fún mi," ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ.

Ẹni tó kọ lẹ́tà náà ni obìnrin tó dá ilé ààbò sílẹ̀. Màmá Àánú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ kún ara ògiri, fọ́tò òun pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńláńlá kún orí tábìlì. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, ó ní àwọn ọ̀tá ló wá sin òkú ajá sẹ́yìn ilé òun kí wọ́n lè ba òun lórúkọ jẹ́. Gbogbo ajá tó kúrò níbẹ̀ ló ní fọ́ọ̀mù, ó ní: ẹni tó gbà á, àdírẹ́sì onítọ̀hún, àti àbẹ̀wò tí àwọn máa ń ṣe lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá ajá náà ń sanra. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kó jẹ́ kí òun rí àwọn fọ́ọ̀mù náà. Màmá Àánú ní rárá, a kì í tú àṣírí ilé onílé. Ìnsípẹ́kítọ̀ yọ ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí àwọn fọ́tò náà.

"Ẹ máa wò ó dáadáa," Màmá Àánú wí. "Ẹni tí kò bá mọwọ́ wẹ̀ ló máa ń rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn dọ̀tí."

"Ẹ ṣeun, mà. A máa wẹ̀ ẹ́ pọ̀," ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn.

Àwọn fọ́ọ̀mù náà dára lójú. Lórí ti Dúródèmí, wọ́n kọ ọ́ pé télọ̀ kan ló gbà á ní ọjọ́ kẹta, àti pé àbẹ̀wò fi hàn pé ó ń bá àwọn ọmọ ilé ṣeré. Sájẹ́ǹtì tí ń bá ìnsípẹ́kítọ̀ ṣiṣẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí àdírẹ́sì náà. Ó bá télọ̀ nídìí máṣíìnì rẹ̀ nínú yàrá kan tí ó háyà. Nígbà tó dárúkọ ajá, télọ̀ pa máṣíìnì tì.

"Ajá wo? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bẹ̀ wọ́n fún ajá torí ọmọbìnrin mi tí kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní n kò ní fẹ́ǹsì. Mo ra wáyà, mo ṣe fẹ́ǹsì. Wọ́n ní ilé onílé ni mò ń gbé. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé ajá ló máa san owó ilé ni?"

Sájẹ́ǹtì dé àdírẹ́sì mẹ́sàn-án lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́ níbi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Afúntáyà kan tí ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ní wọ́n kọ̀ fún òun torí pé òun máa ń lọ síbi iṣẹ́. Tọkọtaya kan ní wọ́n kọ̀ fún àwọn torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn tí wọ́n lé padà ní géètì gan-an ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n gba ajá. Nígbà tí sájẹ́ǹtì jábọ̀ tán, ìnsípẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ gbá tábìlì, tíì rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wàyí o, ta ló kọ àwọn fọ́ọ̀mù náà? Bírò oríṣiríṣi ni wọ́n fi kọ wọ́n, ẹni tó sì fọwọ́ sí i kàn fa ìlà wúruwùru ni.

Èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà: Màmá Àánú, dókítà, àti bàbá tí ń tọ́jú àwọn ajá, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kéèjì nítorí àwọn àgò irin tí ó ń fọ̀. Bàbá Kéèjì ni ìnsípẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ lọ bá, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ajá. Baba náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ọ̀gá mi."

"Ẹnu yín ò tíì pa ẹnikẹ́ni, bàbá. Àìsọ̀rọ̀ ló ti pa mọ́kànlélógójì."

Baba náà gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní ní àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Màmá Àánú máa ń ní kí òun fi ọṣẹ wẹ ajá méjì tàbí mẹ́ta, pé àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Òun á wẹ̀ wọ́n, òun á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, Màmá á kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Òun kì í wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ilẹ̀ Ajé bá mọ́, kéèjì ti ṣófo.

"Mo máa ń bá wọn yọ̀," ó ní. "Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé àwọn kan tún ti rílé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń wẹ̀ wọ́n."

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í pé ọjọ́ wo ló wẹ Dúródèmí gbẹ̀yìn. Baba náà ní Àbámẹ́ta ọjọ́ kọkànlá oṣù ni, òun rántí torí ẹsẹ̀ onírin náà. Ọjọ́ kọkànlá, nígbà tí ìwé ní ó ti wà nílé télọ̀ láti ọjọ́ kẹta.

Òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀, irin wúwo tí wọ́n fi bóòtù kàn mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ìnsípẹ́kítọ̀ kàn gorí rẹ̀ láìní ìdí kan. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kà, òun sì mọ̀ pé mẹ́rìnléláàádọ́rin ni òun. Sájẹ́ǹtì ní ọ̀gá, ọbẹ̀ ìyàwó yín ni. Bàbá Kéèjì ní rárá o, ọjọ́ tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà dé ló já bọ́ lórí ọkọ̀, láti ìgbà yẹn ló ti ń fi kílò méjì kún nǹkan. Wọn ò tún un ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ohun tó kà, wọ́n á fa ìlà gba orí rẹ̀, wọ́n á wá kọ ìwọ̀n tòótọ́ sábẹ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní kí sájẹ́ǹtì gbé àwọn fọ́ọ̀mù wá.

Ọjọ́rú ni ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí ọ́fíìsì Màmá Àánú. Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní abẹ́rẹ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá sì máa ń sọ fún òun pé ó ti bàjẹ́, pé òun ti dà á nù. Òun á fọwọ́ sí ìwé, òun á bá tòun lọ, òun ò wo inú kọ́bọ́ọ̀dù rí.

"Ìtìjú yín nìyẹn, ẹ ó sì sọ ọ́ níwájú adájọ́," ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ pa wọ́n."

Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù Dúródèmí síwájú Màmá Àánú, ó fi ìka sí ibi àbẹ̀wò.

"Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbí, mà. Mọ́kànlélógún, wọ́n fa ìlà gbà á lórí, wọ́n kọ mọ́kàndínlógún sábẹ́. Ẹni tó lọ wọn ajá nílé télọ̀, kí ló fà á tó fi ń yọ kílò méjì kúrò? Ṣé ó hú òṣùwọ̀n yín kúrò nínú sìmẹ́ǹtì gbé e lọ ni? Gbogbo mọ́kànlélógójì ló rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tó ń gbé kiri, kì í fa ìlà. Bàbá Kéèjì kò mọ̀wé kọ. Ẹni tó ti ń yọ kílò méjì fún ọdún mọ́kànlá ni ọwọ́ rẹ̀ yọ ọ́ láìrò. Ìwọ̀n tí ẹ kọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ẹ lè mọ bí abẹ́rẹ́ tí ẹ máa gún un ṣe máa pọ̀ tó, òun náà lẹ tún dà kọ sórí irọ́."

Màmá Àánú kò nu ojú rẹ̀ mọ́. Ó ní kéèjì kún, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ju ajá sí ẹnu ọ̀nà òun, kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe?

Ìnsípẹ́kítọ̀ fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì obìnrin náà yọ. Lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́fà, láti ọwọ́ àwọn tó bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn ní ajá kan péré. Ó ti fi bírò pupa kọ RÁRÁ sórí gbogbo wọn.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́fà ilé," ìnsípẹ́kítọ̀ ní. "Ajá mọ́kànlélógójì. Kéèjì yín ò kún, mà. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn."

"Àwọn wo?" obìnrin náà pariwo. "Onílé háyà? Afúntáyà? Arúgbó tí ọkàn rẹ̀ lè dúró lọ́la? Wọn ò mọ ìfẹ́. Ó sàn kí àwọn ajá kú sọ́wọ́ èmi tí mo fẹ́ràn wọn ju kí wọ́n lọ jìyà lọ́dọ̀ wọn."

"Dúródèmí ńkọ́? Ó nílé tẹ́lẹ̀."

Obìnrin náà ti dúrọ́ọ̀ náà padà. Ìnsípẹ́kítọ̀ bá a parí rẹ̀: ó ti kọ ọ́ fún olówó ajá pé ajá ti lọ, olówó ajá sì tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí géètì. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ajá náà níbẹ̀, gbogbo fọ́ọ̀mù ló máa tú. Ó pa ajá kí irọ́ lè di òótọ́. Sájẹ́ǹtì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ láàárín àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, Bàbá Kéèjì sì yíjú sí ògiri títí wọ́n fi mú un jáde.

Ìnsípẹ́kítọ̀ dá lọ sílé Ìyá Olùkọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Ìyá náà bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́nu jẹ́ẹ́.

"Ọjọ́ kẹwàá ni mo lọ dúró sí géètì wọn. Ajá kan ń gbó nínú. Mo ní Dúródèmí nìyẹn. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní màmá, etí àgbà ni. Mo sì gbà á gbọ́. Mo yí padà, ó sì ń gbó títí mo fi dé kọ́nà."

Inú tó bí ìnsípẹ́kítọ̀ láti ọjọ́ Ajé kò tíì rọ̀, kò sì fẹ́ kó rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá pe àwọn tó kọ lẹ́tà, géètì sì wà ní ṣíṣí. Télọ̀ àti ọmọ rẹ̀ mú ajá aláwọ̀ eérú kan lọ. Àwọn aláṣẹ ìlú rán ẹnìkan wá pé kí wọ́n rọra ṣe é, kí orúkọ ìlú má bàa bàjẹ́. Ìyá Olùkọ́ ní kó lọ sọ fún wọn pé orúkọ ló pa àwọn ajá yẹn. Ìyá Olùkọ́ tún ní kí wọ́n gbé pátákó ńlá kan sí ìta, níbi tí gbogbo ẹni tí ń kọjá ti máa rí i: ajá tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti ibi tó lọ. Wọ́n ní àwọn ò ní mú ajá mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn á máa wá lárààárọ̀ láti kọ ọ́.

Lójú gbogbo èèyàn, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì fi irú ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé fún ọdún márùndínlógójì kọ ìlà àkọ́kọ́: Dúródèmí. Akọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó nílé. Wọ́n pa á.