Yìgì Àṣíáwù

Ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò Apòmù láàárọ̀ ọjọ́ náà gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì mọ́ àyà bí ẹni gbé ìbejì, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí etí kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Àṣíáwù, tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì Ìkirè, gbójú sókè nídìí agbada, ó wo ọkùnrin náà, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi rè é. Kò ní àbàwọ́n kankan.”

“Ohun tó ṣe é gan-an nìyẹn,” Àṣíáwù dáhùn. “Dòdò Ìkirè la fẹ́ dín. Ẹ gbé e padà sílé kó dúdú, kó rọ̀, kẹ́ ẹ máa rò pé ó ti bàjẹ́. Nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá.”

Ọkùnrin náà yanu. Rùfáì lorúkọ rẹ̀, Bàbá Sìlífátù ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti wa lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kánò kó tó wálé wá dáko. “Ewúrẹ́ ni mo ń fi irú ẹ̀ bọ́ látọjọ́ yìí o.”

“Ewúrẹ́ yín mà ń jayé o,” Àṣíáwù wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Opó lòun náà, ara rẹ̀ kò le, ó sì ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, Rùfáì ti ń wá lọ́jọ́ tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rárá.

“Kí lẹ gbé wá lónìí?”

“Ara mi ni.”

“Ṣé ó ti dúdú tó?”

“Ó tún ti rọ̀.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Rùfáì lọ sọ fún Gàrúbà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Àṣíáwù bí, pé òun fẹ́ fi ìyá rẹ̀ ṣaya, Gàrúbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá òun ò lókun ilé ọkọ mọ́. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ tó pọ̀n lẹ́yìn ló wá ń wọn okun fún un.

Gàrúbà, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀, ló máa ń mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìbàdàn. Ìyá a jókòó síta, ọmọ a wọlé. Bó bá jáde, a ní, “Ẹ̀jẹ̀ yín ló kéré, Màmá. Ẹ ṣáà máa lo oògùn.” Àṣíáwù ń lò ó.

Ọjọ́ kan wá tí iṣẹ́ gbé Gàrúbà lọ sí Òṣogbo. Rùfáì ló sin Àṣíáwù dé Ìbàdàn, òun ló sì jókòó síta lọ́tẹ̀ yìí.

“Dókítà, ìgbà wo ni n óò jáwọ́ nínú oògùn yìí?”

Dókítà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, wò ó tìyanutìyanu. “Màmá, ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ ní. Kì í lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n oògùn ń dá a dúró, tiyín sì ń gbọ́ oògùn. A ó máa tọ́jú yín lọ ni. Ọmọ yín mọ̀.”

Ọmọ yín mọ̀! Inú bí Àṣíáwù débi pé kò rántí sunkún. Ó jáde, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Rùfáì níbi tó jókòó sí.

“Ẹ máa lọ sí Apòmù yín, Bàbá Sìlífátù. Ẹ wá obìnrin tí ara rẹ̀ le fẹ́.”

“Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́,” Rùfáì wí. “Àmọ́ àìsàn yìí wà lára rẹ lánàá, mo sì fẹ́ràn rẹ lánàá. Kí ló wá yí padà, Àṣíáwù?”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àṣíáwù kò jẹ́ kí Gàrúbà bọ́ bàtà tán.

“A kì í fárí lẹ́yìn olórí, Gàrúbà. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. O gbọ́ nípa rẹ̀, o wá fi mí jókòó síta bí ọmọ ọwọ́.”

“Mo rò pé ìpayà ló máa pa yín, Màmá.”

“O sì ń sin mí láàyè.”

Gàrúbà sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbà láti fa ìyá rẹ̀ fọ́kọ. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kí ọ̀rọ̀ àìsàn náà má ṣe jáde síta, torí ẹnu ayé. Ìyá rẹ̀ dìde, ó lọ lo oògùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì, ará Ìkirè àti Apòmù kún yàrá. Bó bá jẹ́ wúńdíá ni wọ́n ń fẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ́kọ rí gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Alùfáà Sàídì bá béèrè bóyá ìyàwó gbà.

“Wọ́n gbà,” Gàrúbà yára dáhùn.

“Ìwọ kọ́ ni mo bi.”

Àṣíáwù tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Mo gbà láti fẹ́ Rùfáì. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín gbọ́: jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Oògùn ń dá a dúró, kò lè lé e lọ. Kì í ran èèyàn, kì í ṣe èpè, èmi náà kì í sì í ṣe òkú. Ẹni tó bá máa fẹ́ mi, tòun ti èyí ni.”

Rùfáì sún síwájú lórí ẹní.

“Alùfáà, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì tún gbọ́ ọ báyìí. Ẹ so ó.”

Alùfáà yíjú sí Gàrúbà. “Ìwọ ńkọ́, ṣé o fà wọ́n fún un?”

Gàrúbà wo ìyá rẹ̀ títí.

“Wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ọ́,” ó ní. “Mo fà wọ́n fún un.”