Èsì Tó Sùn Sínú Ẹ̀rọ

Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ funfun wé mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbá kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ kí i, kò dáhùn. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó tẹ nǹkan sí i, ohùn kan sì jáde látinú rẹ̀: "Ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì mi..." Ibẹ̀ ló kú sí.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló gba ohùn rẹ̀, ohun tó bá sì tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a sọ. Bí bátìrì bá ti tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kì í sì í pé wákàtí kan.

Àánú ṣe ọmọbìnrin náà. Ó gbé Línọ́ọ̀sì sórí ẹ̀rọ, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ó pa gbogbo ohun tó ń jẹ iná lásán, ó sì pàṣẹ fún un pé tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sùn. Bátìrì wá ń lo wákàtí márùn-ún.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ò ní í pé kí Tíṣà tó tún yọjú.

"Kí ló tún ṣe é?" ni ọmọbìnrin náà bi í, ẹ̀rín ń pa á.

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Bátìrì," ni ẹ̀rọ wí. "Èmi ni nǹkan ń ṣe."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà ò fẹ́ gbọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú ìyàwó tirẹ̀ lórí àìsàn kó tó sin ín. Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá fojú hàn án, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Bí àìsàn yẹn bá padà, kí lo máa ṣe fọ́mọ mi?"

Tíṣà tẹ èsì, ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́, bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ọdún mẹ́fà yẹn. Tíṣà ká ọwọ́ lé itan, torí kò fẹ́ máa tẹ nǹkan lójú àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ sùn. Nígbà tí bàbá ní òun ń gbọ́, Tíṣà tẹ̀ ẹ́ títí, kò jí.

"Ó ti dá mi lóhùn," ni bàbá wí, ó sì dìde.

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé àṣẹ tòun ló pa á lẹ́nu mọ́, ó sì sunkún gidi. Tíṣà ò yọjú mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi máa wá a kàn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù ló ti bá a. Àìsàn ti padà, dókítà sì ní oṣù díẹ̀ ló kù.

Ó fa ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ kó lè pa àṣẹ oorun yẹn rẹ́. Ẹ̀rọ náà ti jí lẹ́yìn tí bàbá dìde lọ lọ́jọ́ náà, èsì náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ó kà á, ó yá ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó sáré relé, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó sọ èsì náà níwájú bàbá rẹ̀.

"Màá ní kó máa lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má gbà."

Bàbá rọra jókòó.

"Ìyá rẹ náà ní kí n máa lọ nígbà yẹn," ló wí. "Mi ò gbà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ìgbéyàwó wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, bàbá dúró bí ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé bi Tíṣà bóyá ó gbà láti fẹ́ ọmọbìnrin náà, ó sì pẹ́ kó tó tẹ èsì tán. Kò sẹ́ni tó kán an lójú, ẹ̀rọ náà ò sì sùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Bátìrì ti ń lọ sópin, ìyàwó ń wá wáyà iná kiri. Tíṣà mi orí, ó pa ẹ̀rọ náà dé, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.