Orúkọ Gbádé ní Ìpàdé Ọjọ́bọ̀

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa Àkàngbé. Ó jẹ ẹ̀bà, ó wẹ̀, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ni gbogbo ilé wọn ní Muṣin bá yíjú sí Àríkẹ́, ìyálé, pé òun ló pa ọkọ.

Àmúdàtù, ìyàwó kékeré, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ṣe lọ ni ebi wọlé, síbẹ̀ ìkòkò Àríkẹ́ kò tutù. Ìparí oṣù kò ní í kọjá kó má ra ìrẹsì. Lóṣù tó kọjá, ó ra bàtà pupa fún Mobọ́lá, ọmọ rẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé, tí itọ́ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàtà pupa! Inú Àmúdàtù ń ta á bí egbò tí wọ́n wọ́n ata sí. Òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Gbádé, tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń sọ fún ará ilé pé ó ń kàwé níbẹ̀. Àríkẹ́ nìkan ló mọ òótọ́.

"Ìyálé mi, níbo lẹ ti ń rówó?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run yín mà mọ ìparí oṣù o!"

Àríkẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ wọ yàrá.

Rosaline, ayálégbé yàrá kejì, fa Àmúdàtù sẹ́yìn ilé ìdáná. "Orí ọmọ ẹ̀ ni ìyálé ẹ fi fún ẹgbẹ́ àjẹ́. O ò rí i pé àtàǹpàkò ọmọ náà máa ń dúdú bí aró tí wọ́n bá ti ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ìparí oṣù dé? Wọ́n jẹ orí ọmọ, wọ́n jẹ ọkọ. Ta ló kù?"

Ní Ọjọ́bọ̀ ìparí oṣù, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ẹyẹ kan bà sórí páànù, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Àríkẹ́ fa Mobọ́lá lọ́wọ́, wọ́n jáde. Àmúdàtù tẹ̀ lé wọn títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábàá, ó yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin mẹ́jọ jókòó yíká, ọmọ kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Hilda, òun ló mú ìwé dání.

"Orúkọ ta ló kàn?"

Àríkẹ́ dìde. "Gbádé, ọmọ Àkàngbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ mọ́."

Àmúdàtù sáré kúrò lójú fèrèsé. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. "Àjẹ́! Ẹ jẹ ọkọ mi tán, ó ku ọmọ mi!"

Hilda yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyá Gbádé? Owó tí wọ́n ń dá jọ fún òbí tí kò ní, tó bí irú ọmọ báyìí, la ń pín. Ìyálé ẹ ti ń bẹ̀ wá nítorí Gbádé láti oṣù mẹ́ta. A ní kí ìyá ẹ̀ mú un wá, kó tẹ̀ka gbowó lójú wa."

Àmúdàtù wo àtàǹpàkò Mobọ́lá. Yíǹkì ìtẹ̀ka ni.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ọjọ́ tí mo dárúkọ Gbádé gbẹ̀yìn," ni Àríkẹ́ wí, "ṣebí omi ọbẹ̀ lo dà sí mi lára."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ já Àmúdàtù àti ọmọ rẹ̀ sí Òyìngbò. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn kọjá ní ọ̀sán gangan. Ọmọ náà ń pariwo, kò wọ bàtà.

"Ta nìyí?" Rosaline ló bèèrè.

"Gbádé ni. Kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí."

Ó dé ẹnu ọ̀nà Àríkẹ́. Bàtà pupa wà lẹ́bàá ògiri. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ìyálé mi, níbo lẹ ti ra bàtà yìí? Ti Gbádé gbọ́dọ̀ dára jù ú lọ."