Òkú Eku Nínú Yàrá Epo

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì sọ ọ́ nù. Bóyá inú mọ́tò lo wà, bóyá ìdí ọjà rẹ lo jókòó sí. Mo mọ̀ pé o ti gba irú rẹ̀ rí, o sì fi wé ẹ̀pà. Ka eléyìí tán kí o tó fi wé ohunkóhun. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ọkùnrin kan wà ní Kàbà tó ń jẹ́ Jethro. Epo pupa ló ń rà tó ń tà. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Búnú, láti Ayewa àti àwọn abúlé tó yí i ká, ló máa ń gbé epo wá bá a lọ́jọ́ ọjà. Kí ẹnikẹ́ni tó dá iye lé epo kan, Jethro ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìdérí kẹ́gì. Yóò na imú sí i, yóò ti ìka bọ inú epo, yóò sì pọ́n ọn lá. Bó bá ní, "Epo nìyí," epo ni. Bó bá ní, "Gbé e kúrò níwájú mi," kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á mọ́ nínú gbogbo ọjà náà.

Ọlọ́run ló fún un ní imú náà, àmọ́ wo bó ṣe ń lò ó. Ó máa ń bú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn níṣojú ọmọ wọn. Ó bi ìyá arúgbó kan tó rin ọ̀nà jíjìn wá láti oko léèrè pé, "Ṣé imú ló wà lójú ẹ yẹn, àbí ọ̀dùnkún?" Gbogbo ọjà a sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ìkórè nìkan ni wọ́n ń rí i níbẹ̀, iwájú pátápátá ló sì máa ń jókòó sí.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, Jethro fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni, kò mọ ọ̀nà Kàbà. Ó mọ̀ ọ́n. Ibà mú Jethro, ikọ́ dè é mọ́lẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti kú. Kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Ahọ́n rẹ̀ náà bá a lọ. Ata ṣì ń ta á lẹ́nu, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti iyanrìn ti di ọ̀kan náà fún un.

Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó fi irú sí i, ó fi ẹja sí i, ó sì gún iyán tì í. Jethro tọ́ ọ wò, ó ti àwo náà sẹ́yìn.

"Folúkẹ́, omi gbígbóná lo bù fún mi yìí?"

"Bàbá Tiwalọlá, irú wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀."

"O fẹ́ fi ebi pa mí ni."

Ó sọ àwo ọbẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sọ fún un pé ahọ́n òun ló kú. Ó yàn pé kí obìnrin náà máa rò pé òun ni kò mọ ọbẹ̀ sè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fojoojúmọ́ bú u, títí Folúkẹ́ fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìyárá.

Imú àwọn mìíràn tí àrùn náà mú padà bọ̀ sípò. Ti Jethro kò padà. Ó fín kánfọ̀, ó fín àlùbọ́sà, ó ra oògùn tí wọ́n ń kán sí imú. Ọdún yí po, òmíràn tún yí po. Lọ́jọ́ kan ó dúró sáàárín àwọn kẹ́gì rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ Ọlọ́run, ohun tí mo fi ń jẹun lo mú. Èmi àti ìwọ ti parí."

Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọjà mọ̀. Ó ṣì ń ṣí ìdérí, ó ṣì ń na imú, ó ṣì ń pọ́n ìka lá. Àwọ̀ epo ló ń wò, àti ojú ẹni tó gbé e wá. Bí ojú obìnrin náà bá balẹ̀, Jethro a ní epo nìyí. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Wàyí o, opó kan wà ní Ayewa tó ń jẹ́ Ṣọlápé, Virtue ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ó gbé epo wá lọ́jọ́ ọjà kan lásìkò ọyẹ́, Jethro sì ra èyí tó fẹ́ tà. Obìnrin náà wá gbé kẹ́gì kékeré kan jáde, ó kí i.

"Okun o, Bàbá Tiwalọlá. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbóòórùn èyí dáadáa. Kì í ṣe títà, ti ilé ni. Àwọn kẹ́gì mi ti kún, mo bá yá èyí lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi. Mi ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, àmọ́ ọ̀fìnkìn dí mi nímú."

Dúró síbí pẹ̀lú mi, ìwọ tó ń kàwé yìí. Gbólóhùn kan péré ni Jethro nílò. Kó sọ pé, "Ìyá Virtue, imú tèmi náà ti kú, gbé e fún ẹlòmíràn," ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yòókù dúró, wọ́n ń wò ó. Ó na imú sí kẹ́gì, ó di ojú bó ti máa ń ṣe, ó sì fi ìka kan ètè.

"Epo nìyí. Lọ fún àwọn ọmọ ẹ jẹ. Ṣé èmi ni ọ̀fìnkìn mú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣọlápé dúpẹ́, ó gbé kẹ́gì rẹ̀ lọ sílé.

Oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko ló ti wà nínú kẹ́gì náà rí, ó sì ti wọ ara rọ́bà rẹ̀. Ṣọlápé se iṣu fún àwọn ọmọ, ó bu epo náà sí i. Gbogbo wọn ló bì. Virtue ló jẹ jù, òun ni wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá sí ọsibítù ní Kàbà, ẹnu rẹ̀ àti ọ̀fun rẹ̀ ti bó.

Ọ̀rọ̀ náà délé dóko. Àwọn àgbà ọjà pe Jethro, wọ́n bi í léèrè. Àyè tún ṣí fún un láti sọ òtítọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Epo tí mo gbóòórùn dára. Bó bá di oògùn nígbà tó délé, ẹ bi í léèrè nǹkan tó dà sí i."

Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí imú Jethro kì í purọ́. Wọ́n ní Ṣọlápé kò gbọ́dọ̀ tẹ ọjà mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní bí Virtue bá rù ú là, àwọn yóò kó gbogbo ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá tó ń fún ọmọ ní májèlé. Jethro gbọ́ gbogbo èyí, ó panu mọ́. Ẹ dákun, kí ni n bá pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ yẹn bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Boaz, ọ̀rẹ́ Jethro láti kékeré, káfíńtà tó ti gba Jésù tipẹ́, yà kí i láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá a nínú yàrá epo, ó jókòó lórí àga, ó ń mu gààrí. Boaz dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Okun o, Jethro. Kí ló kú síbí?"

"Okun. Kí ló kú báwo?"

"Nǹkan ń rà nínú yàrá yìí. Láti ìta ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀."

Jethro tún bu gààrí mu. "Tò, mo mọ̀. Mo fẹ́ gbé e dànù tẹ́lẹ̀."

"Níbo ló wà?"

Jethro na ìka sí igun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Boaz tẹ̀ lé òórùn náà títí ó fi dé abẹ́ àga tí Jethro jókòó sí. Ó ṣí àpò kan tó wà níbẹ̀. Òkú eku ńlá ni, ó ti rà, ìdin ti bò ó, ẹsẹ̀ Jethro sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Boaz dìde nàró. "Haba, Jethro. Láti ìgbà wo ni imú ẹ ti kú?"

"Láti ìgbà kòrónà."

"Ó ti kú kí Ìyá Virtue tó gbé kẹ́gì ẹ̀ wá?"

Jethro kígbe mọ́ ọn. "Ọlọ́run ni kó o lọ bi. Òun ló gba imú mi. Kí ló fẹ́ kí n máa jẹ?"

"Má fi Ọlọ́run bojú," ni Boaz wí. "Àìsàn ló gba imú ẹ, àìsàn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó mú àwọn èèyàn tó sàn jù ẹ́ lọ. Àmọ́ ta ló gba òtítọ́ lẹ́nu ẹ? O purọ́ fún Folúkẹ́. O purọ́ fún opó. Ọmọ opó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, o tún purọ́ mọ́ ìyá ẹ̀. Inú ẹ ti ń rà kí kòrónà tó dé, Jethro. Imú ẹ mú nígbà yẹn, síbẹ̀ o ò gbóòórùn ẹ̀."

Jethro dorí kodò.

"Jésù gbóòórùn ẹ̀," ni Boaz wí. "Ó mọ bó ṣe ń rùn tó, ó sì kú fún ẹ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló lè gbé e jáde nínú ẹ. Àmọ́ ìwọ lo máa fi ibi tó wà hàn án." Ó na ọwọ́ sí àpò náà. "Ìyẹn, gbé e fúnra ẹ." Ó sì jáde.

Jethro fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkú eku náà. Ó gbé e súnmọ́ imú, kò gbóòórùn kankan. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bò ó. Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ó ní, "Jésù, mi ò gbóòórùn ara mi. Ìwọ ń gbóòórùn mi. Èmi ni mo ṣe ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀. Má fi mí sílẹ̀ báyìí." Ó sunkún títí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fi tutù. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run tó sọ pé òun ti bá parí kò bá a parí.

Ó dìde, ó gba ọsibítù lọ tààrà. Ṣọlápé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ dúró yí i ká. Jethro dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú opó náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ṣọlápé wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Virtue sọ fún mi," ló wí. "Ó ní, 'Màmá, epo yìí ń rùn.' Mo gbá a létí. Mo ní Bàbá Tiwalọlá ti gbóòórùn ẹ̀, ó ní ó dára, jẹun ẹ." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi sọ òtítọ́, mo sì gbá a létí nítorí tiyín."

Jethro tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde, bàbá. Bí ẹ ṣe wí i fún mi yìí, ẹ lọ wí i lọ́jà."

Ó lọ wí i lọ́jà. Wọ́n bú u, obìnrin kan da epo sí i láṣọ, ó sì yẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó gbé kẹ́gì síwájú rẹ̀ mọ́ pé kó gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n dá Ṣọlápé padà sí ìdí ọjà rẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lọ́dọ̀ ìyá wọn. Virtue yè é. Ohùn rẹ̀ há títí di òní, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ Jethro tó lè dá a padà. Jethro lọ sí Ìyárá, Folúkẹ́ jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn kó tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó padà bá a wálé.

Mo mọ̀ pé o ń retí kí n sọ pé imú rẹ̀ là. Kò là. Bí Folúkẹ́ bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ báyìí, ohun tó máa ń wí ni pé, "Mi ò mọ adùn ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé o sè é dáadáa." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, búrẹ́dì náà kò ní adùn lẹ́nu rẹ̀, wáìnì náà dà bí omi. Ó jẹ ẹ́ tomijétomijé. Kò sí ọjọ́ tó mọ ohun tó ń jẹ tó ọjọ́ yẹn rí.

Ìwọ ń kọ́? Bóyá imú tìrẹ mú dáadáa, o sì ti ń fi Jethro ṣe ẹlẹ́yà láti òkè ìwé yìí. Inú ń bí mi nítorí ọmọ kékeré kan wí pé nǹkan ń rùn, etí ni wọ́n gbá a. Ta ló ti wí fún ọ nínú ilé rẹ pé nǹkan ń rùn? Ìyàwó rẹ ni àbí ọkọ rẹ? Ọmọ rẹ ni? Kí lo fi dá a lóhùn?

Má dúró di ọjọ́ ìkórè. Má dúró di ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá dé orí bẹ́ẹ̀dì nítorí rẹ. Níbi tí o wà yìí, pe Jésù, Ẹni tó kú fún ọ, tó sì jí dìde, kò sì ní di imú sí ọ. Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tí o purọ́ mọ́, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Jésù yóò wọlé, yóò sì bi ọ́ níbo ni òkú náà wà. Mo bẹ̀ ọ́, má na ìka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Dìde lórí àga.