Ohun Tí Nimotallahi Kò Rí

"Ta ló lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 'since' àti 'for' fún mi?" Tíṣà Láoyè, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bi kíláàsì náà.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nimotallahi gan-an. Rùqáyyàh ni.

"Sà, 'since' ń sọ ìgbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, bíi láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ìsinsìnyí. 'For' ní tirẹ̀ ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. A sì tún lè fi 'since' sọ ìdí tí a fi ṣe nǹkan, bí ìgbà tí a bá ní 'níwọ̀n ìgbà tí òjò ti ń rọ̀, mi ò jáde mọ́.'"

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Nimotallahi pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ́. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni òun àti Rùqáyyàh ti jọ ń jókòó. Ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í yé ọ̀rẹ́ òun. Níbo ló ti wá rí èyí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nimotallahi ń ti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí ní Akínyẹlé, ó rí Rùqáyyàh tí ó na ọ̀rá dúdú kan sí Tíṣà Láoyè. Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti ọ̀rá náà bọ inú báàgì rẹ̀. Àwọn méjèèjì sì jọ wọ inú ilé tó wà níbẹ̀.

"Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn," Nimotallahi sọ fún ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Rùqó, níbo lo wà nírọ̀lẹ́ àná?"

"Ilé ni."

"O ò jáde rárá?"

"Àbí o ti di ọlọ́pàá ni?" Rùqáyyàh rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Rùqáyyàh ló ṣe ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nimotallahi kò lè mú un mọ́ra. Ó lọ bá Ìyáàfin Olúrẹ̀mí, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní Rùqáyyàh fún Tíṣà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kó lè fún un ní ìbéèrè ìdánwò.

"Ṣé ojú rẹ lo fi rí i?" Ìyáàfin náà bi í.

Ọ̀rá dúdú ni ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dá a lóhùn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rí i tí Tíṣà ń kó ìbéèrè ìdánwò fún un."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n gba èsì Rùqáyyàh padà, wọ́n sì ní kí Tíṣà Láoyè lọ jókòó sílé. Wọ́n bi Rùqáyyàh léèrè títí. Ẹkún nìkan ló ń sun. Ìyáàfin Olúrẹ̀mí ní bí kò bá rí àlàyé ṣe, wọn yóò lé e kúrò nílé-ìwé.

"Tí kò bá mọwọ́ mẹsẹ̀, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wí.

Kò pẹ́ tí Mùsílímátù, ìyá Rùqáyyàh, fi dé sí ọ́fíìsì, tòun ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lápá. Nimotallahi àti Rùqáyyàh wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyá náà wí. "Èmi ni mo ní kí ọmọ mi má sọ. Mi ò mọ̀wé. Ojú ń tì mí kí àwọn oníbàárà mi má lọ gbọ́. Tíṣà ló ń kọ́ àwa obìnrin tó ń yan gàrí ní ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ wa, ni a ṣe ń bu gàrí sínú ọ̀rá fún wọn."

"Báwo ni ọmọ yín ṣe wá mọ 'since' tó bẹ́ẹ̀?"

"Àpò ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ jáàkì, irin tí a fi ń tẹ omi rẹ̀ jáde, ni Tíṣà fi ń kọ́ wa, mà. Ọjọ́ tí a gbé e sábẹ́ jáàkì, 'since' nìyẹn. Bó ṣe pẹ́ tó kó tó kan, 'for' nìyẹn. Èmi kì í tètè rántí, ọmọ yìí ló ń bá mi tún un kà ní gbogbo ìgbà."

Ìyáàfin Olúrẹ̀mí yíjú sí Nimotallahi. "Ìbéèrè tí o rí ńkọ́?"

"Ọ̀rá ni mo rí, mà. Mi ò rí ìbéèrè. Mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n dá èsì Rùqáyyàh padà, Tíṣà náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Níwájú gbogbo ilé-ìwé ni Nimotallahi ti jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Wọ́n ní kó gé koríko pápá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tàn dé ìta, àṣírí Mùsílímátù sì ti tú. Bó bá gbé gàrí dé ọjà, àwọn kan á máa pè é ní "Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́", wọn á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Rùqó, jọ̀ọ́, dárí jì mí," Nimotallahi bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti dárí jì ọ́." Rùqáyyàh kó ìwé rẹ̀ lọ sórí àga mìíràn. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè jókòó tì ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka ìtàn yìí, ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Bí nǹkan bá rú yín lójú, ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì fẹ́ jẹ́rìí, ibi tí ojú yín rí dé ni kí ẹ sọ dé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni Nimotallahi fi kún ohun tó rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí wọ́n lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé.