Ṣáàfù Tí Mo Gé Kúrú

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní elékèé, kò ní dùn mí. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ, ọwọ́ mi yìí ló sì gé irin náà. Ambrose tí a jọ wà nínú ọkọ̀ ṣì wà láyé. Ẹ lè bi í, bó bá máa dá yín lóhùn.

Ọdún 1956 ni, nígbà ọyẹ́. Sùnmọ́nù ni orúkọ mi, Mushin ni mo ti ń jó irin. Ambrose, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gbé Yábàá, fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ ń kó ìwé ìròyìn lọ sí Ìbàdàn. Ó fẹ́ máa débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ló bá yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ó fi ti lọ́rì sí i. Agbára yẹn pọ̀ jù fún ṣáàfù, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń yí táyà ẹ̀yìn. Àkọ́kọ́ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Èkejì já lórí eré, ó sì lu ilẹ̀ ọkọ̀ ya.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tí kò ní pa mí," ó ní.

Mo lọ sí Ìjọra, níbi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí. Ṣáàfù mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ jù, èkejì ti sán. Ẹ̀kẹta wà lábẹ́ lọ́rì kan tí iwájú rẹ̀ ti wó pátápátá. Ó ki, ó tọ́, kò dípẹtà rárá. Èmi ni mo yàn án. Kò sẹ́ni tó bá mi yàn án.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dè é mọ́ tábìlì, mo fi ayùn sí i láàárín. Ọ̀sán gangan ni. Bí ayùn ṣe wọlé, àwọn tó ń lu páànù ní ìsọ̀ kejì dákẹ́. Ewúrẹ́ dákẹ́. Ayùn mi nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí irin já, ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan.

Mo gé èyí tó lé sọ́tọ̀, mo jó ojú méjèèjì pọ̀, mo de ṣáàfù náà mọ́ ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gbé e jáde láti dán an wò. Kò gbọ̀n. Kò pariwo. Inú Ambrose dùn. A kọjá Yábàá, ó tẹ iná mọ́ ọn. Ìgbà náà ni ohùn ọkùnrin kan wá láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa, jẹ́jẹ́.

"Ẹ sọ̀ mí sí Òtò."

Ambrose wò mí. "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ sọ̀ mí sí Òtò."

 Ambrose wà wá dé Òtò, àdúgbò kan lẹ́bàá ọ̀sà, ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó dúró níwájú ilé kan tí kò mọ̀ rí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbéra sókè díẹ̀, bíi pé ẹrù wúwo kan sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń wọ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan sọ nínú ilé pé, "Ẹ káàbọ̀."

Ambrose sá eré kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀. Saidat lorúkọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló júwe ọkọ̀ wa, ó sì ti ń bèèrè kiri.

"Ọkọ mi, Tìrìmísíyù, gbé lọ́rì jáde láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn," ó ní. "Ó ti dé."

"Àǹtí, ṣé ara rẹ̀ le?"

"Kò jẹun. Kò sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn bó ṣe kúrú tó. "Ó ní èyí tó kù wà lọ́dọ̀ yín."

Mo mú irin tí mo gé wá.  "Ẹ gbé e fún un, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Kì í ṣe òun ni mo fẹ́ gbé e fún." Ó fi gèlè rẹ̀ wé e. "Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pé, yóò tún lọ. Mò ń gbé e lọ sọ sínú ọ̀sà. Bó bá fúnra rẹ̀ wá, ẹ ní ẹ ò rí i."

Mo ní mo gbọ́.

Kò wá. Ambrose wa ọkọ̀ náà fún ọdún méjì sí i, kò sì gba Òtò kọjá mọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1957 ni mo pàdé Saidat ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ìdó. Ó pọn ọmọ tuntun.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó wà nílé."

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí n bá òun gbé ọmọ náà kí òun tún ìró òun ró. Mo na ọwọ́, mo gbà á. Ọmọ oṣù méjì péré ni. Ìwúwo rẹ̀, bíi ti irin, fà mí wólẹ̀ lórí orúnkún mi, mi ò sì lè dìde títí ìyá rẹ̀ fi ró ìró tán tó gbà á lọ́wọ́ mi.