Ìpè Tí A Kì Í Jẹ́

Ọmọ mi jókòó níwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń mu ẹ̀kọ, ohùn rẹ̀ sì pè mí láti ìdí kànga.

"Màámi!"

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà pa dé. Kò tilẹ̀ sí bí ì bá ṣe pè mí, nítorí wọ́n ti yọ gògóńgò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ihò tí wọ́n dá sí i lọ́rùn ló fi ń mí.

Bọ́dúnrìn ni orúkọ rẹ̀. Tísà ni ní Òdogbolu, òun ló sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1984 ni ohùn rẹ̀ há. Tàíbátù, aládùúgbò wa, fi ṣe yẹ̀yẹ́:

"Tísà, àkùkọ wo lo gbé mì?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dún bí ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn. A fún un ní oyin, a fún un ní orógbó. Akọrin wo ni kò mọ̀ pé orógbó ní í la ohùn? Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, ohùn kò là. Ó ní etí ń ro òun. Ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ́fun. Ọjọ́ tí mo ń bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe ni ọwọ́ mi kan kókó kan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó le bí èkùrọ́.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rárá, Màámi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò dùn ún.

Dókítà tó rí i ní Ìbàdàn mi orí. "Ìyá, ohun tó bá ń dunni là ń tètè gbé wá. Jẹjẹrẹ ọ̀fun kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má fi orógbó wò ó mọ́." Ó béèrè bóyá Bọ́dúnrìn ń mu sìgá. Ọmọ mi wolẹ̀. Èmi fi ìró bo agolo aáṣáà mi. Mo béèrè bóyá àìsàn náà ń ràn. Ó ní kì í ràn.

A gba ẹ̀mí, a fi ohùn sílẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, mo fún un ní ife tánganran àti ṣíbí, pé bó bá fẹ́ nǹkan kó lu ife. Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, ló ń fọ ihò ọrùn náà, tó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé omi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà.

Lọ́jọ́ tí ohùn yẹn kọ́kọ́ pè, Mọ́ṣádé gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Màámi, ẹ má dáhùn o."

"Ta ló fẹ́ dáhùn?"

A kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè. Ọmọdé ilé wa mọ̀ ọ́n. A wá fi ṣe òfin: ife là ń dá lóhùn, a kì í dá ohùn lóhùn. Ṣùgbọ́n kò yé pè. Ohùn àtijọ́ ni, ó mọ́ gaara, kò há rárá. Mo máa ń lọ jókòó sí ilé ìdáná tó wà nítòsí kànga kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn ọmọ mi ni.

Nínú ọyẹ́, Bọ́dúnrìn wọ balùwẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú Mọ́ṣádé. Ohùn náà pè. Mọ́ṣádé mi orí sí mi. Ó tún pè. Mo fi ọwọ́ di etí. Ife kò dún.

Nígbà tó tún pè, ohùn náà ti há.

"Màámi... omi."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Èmi rè é o! Mo ń bọ̀!"

"Yéè! Màámi, ẹ ti jẹ́ ẹ!"

Ọṣẹ ló yọ̀ ọ́ ṣubú. Ó dojú bolẹ̀ nínú omi, ife ti yí lọ sí ojú gọ́tà. A gbé e dojú sókè, ó húkọ́, omi tú jáde láti ọrùn rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó mi ètè díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe sí wa, mo sì kà á: "Mo pè yín, pè yín."

Láti ọjọ́ náà, ohùn Bọ́dúnrìn kò pè láti ìdí kànga mọ́. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúpẹ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ohùn mi kò gbé orin. Mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ ti lọ, ohùn kò là.

"Àkùkọ yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín náà?" ni Tàíbátù wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lónìí, mo ti ọjà dé, mo bá Mọ́ṣádé lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màámi, ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ọjà ni. Kí ló dé?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti ìdí kànga ni. Ohùn yín mọ́ gaara."

"Ṣé o dáhùn?"

"Rárá, mà."

Bọ́dúnrìn ti sùn; mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ bó ti ń súfèé jáde láti ọrùn rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ wá ọrùn tèmi. Kókó kan wà níbẹ̀, kò dùn mí rárá. N kò ní wá orógbó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìbàdàn ni.

Mo sì ti kìlọ̀ fún Mọ́ṣádé: nígbàkúùgbà tí ohùn mi bá pè é, kó sáré wá mi kàn, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ ẹ.